Ìwé Àgbà Lọ́wọ́ Ọmọdé: Ẹ̀kọ́ Ìwé Kíkà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà

Àwọn baba wa a máa wí pé ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn búburú ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n bí ohùn rere àti ohùn búburú bá jókòó pọ̀ nínú ìwé kan ṣoṣo ńkọ́, tí a sì fi ìwé náà lé ọmọdé lọ́wọ́ pé kí ó kà á, kí ó sì ti inú rẹ̀ ṣe ìdánwò? Ìbéèrè tí ó dé bá mi nìyí ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, òun ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n sọ lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń gbé ní Amẹ́ríkà láti bí ogún ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí gbogbo ọmọ wọn sí. Àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wà ní kíláàsì kọkànlá ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan, èyí tí wọn ń pè ní háísùkúù lọ́hùn-ún. Ọmọ náà kọ̀wé sí mi. Ó kí mi bí ọmọ rere ti í kí àbúrò bàbá rẹ̀, ó béèrè àlàáfíà ilé, lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ ohun tí ó ń dùn ún lọ́kàn. Ó ní ìwé tí wọ́n ń kà nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Adventures of Huckleberry Finn, tí Mark Twain kọ. Ó ní ní ọjọ́ kan tí ọmọkùnrin kan ń ka ìwé náà sókè, ó kan orúkọ èébú tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń pe aláwọ̀ dúdú láyé ẹrú, ó sì pè é ketekete. Gbogbo ojú yí padà, wọ́n ń wo òun, nítorí pé òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú kíláàsì náà. Ó wá bi mí pé: "Bàbá kékeré, ṣé kí n bẹ bàbá mi kí wọ́n kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé n kò ní ka ìwé náà mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, nítorí ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ràn ìwé jù nínú ilé wa."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, akọ̀wé lásán ni mí, n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́, ti àwọn ará Ìlú Ọba ni. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Kò sì yẹ kí àgbàlagbà dá ẹjọ́ ìwé tí kò kà rí. Nítorí náà mo wá ìwé náà rí, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ka àwọn mìíràn tí wọn ń kà pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbà mí ní oṣù méjì gbáko, ní alaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí mo rí nìyí.

BÍ WỌ́N TI Ń KỌ́ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ

Ọdún mẹ́rin ni háísùkúù, láti kíláàsì kẹsàn-án títí dé ìkejìlá, a sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kíláàsì kọkànlá ni a yà sọ́tọ̀ fún ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn. Kò sí ìwé òfin kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ó ka orúkọ ìwé tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ àdúgbò àti àwọn olùkọ́ ni wọ́n ń yàn án. Síbẹ̀ àwọn ìwé kan wà tí a ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́: The Scarlet Letter ti Nathaniel Hawthorne (1850), The Great Gatsby ti F. Scott Fitzgerald (1925), Of Mice and Men ti John Steinbeck (1937), eré The Crucible ti Arthur Miller (1953), àti To Kill a Mockingbird ti Harper Lee (1960). Àwọn wọ̀nyí ni mo ń pè ní ìwé àgbà, èyíinì ni ìwé tí ẹni tí ó kọ ọ́ lè kú, ṣùgbọ́n tí ìwé náà kò kú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ wù mí. Ọmọ yóò ka orí méjì tàbí mẹ́ta nílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, olùkọ́ yóò fi ìdánwò kékeré wádìí bóyá ó kà á ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà wọn yóò to àga yíká, wọn yóò sì jíròrò, olùkọ́ kì yóò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìparí ìwé, ọmọ yóò kọ àròkọ. Nínú àròkọ náà, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí òun gbàgbọ́ nípa ìwé náà, kí ó mú ẹ̀rí wá láti inú ìwé, kí ó sì túmọ̀ ẹ̀rí náà. Bí ọmọ bá wí pé ènìyàn kan nínú ìtàn jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, olùkọ́ yóò bi í pé: ojú ewé wo ni o ti rí i? Nígbà tiwa, olùkọ́ a máa pe àlàyé, àwa a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìdánwò bá dé, a dá a padà fún un gẹ́gẹ́ bí a ti gbà á. Ẹni tí ó bá há a sórí jù ni ó ń gba ipò kìn-ín-ní. N kò kẹ́gàn àkọ́sórí, nítorí òun ni ó fún mi ní oúnjẹ tí mo ń jẹ, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá bi léèrè ìdí ọ̀rọ̀ ni yóò mọ bí a ti í dá ẹjọ́.

ÌTÀN INÚ ÌWÉ NÁÀ

Huck jẹ́ ọmọ aláwọ̀ funfun, ọmọ ọ̀mùtí tí ń lù ú ní ìlù bàrà, ní ìlú kékeré kan létí odò Mississippi, ní ìgbà tí òfin ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ṣì gbà pé kí ènìyàn ní ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rú. Ọmọ náà pa ẹlẹ́dẹ̀, ó ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọn lè rò pé a ti pa òun, ó sì sá lọ sí erékùṣù kan láàrin odò. Níbẹ̀ ni ó ti bá Jim pàdé. Ẹrú ni Jim. Ó gbọ́ pé ìyá olówó rẹ̀ fẹ́ tà á sí New Orleans ní 800 dọ́là, kúrò lọ́dọ̀ aya àti àwọn ọmọ rẹ̀, òun náà sì sálọ. Àwọn méjèèjì gun orí àwọn gẹdú tí a so pọ̀ tí ń léfòó, wọ́n ń bá odò lọ ní òru, wọ́n ń fara pamọ́ ní ọ̀sán.

Ibi méjì ni ó mú mi lọ́kàn jù. Ní ibi kìn-ín-ní, Jim ń sunkún ní òru, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti ṣàìsàn ibà líle, ó sì ti sàn. Ní ọjọ́ kan Jim ní kí ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Jim bínú, ó gbá a létí. Láìpẹ́ afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹ̀yìn ọmọ náà gbàà, kò sì ta gìrì rárá. Nígbà náà ni bàbá mọ̀ pé ibà náà ti di ọmọ òun létí. Bàbá ni èmi náà, ọwọ́ mi sì ti bá ọmọ mi nínú ìbínú rí. Mo pa ìwé náà dé ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì lè kà á síwájú.

Ní ibi kejì, Huck ń bá ara rẹ̀ jà. Gbogbo ohun tí a ti kọ́ ọ láti kékeré ni pé ẹni tí ó bá ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá, olè ni, ọ̀run àpáàdì ni yóò sì lọ. Ó kọ ìwé kan sí ìyá olówó Jim láti sọ ibi tí Jim wà, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti jókòó, ó rántí gbogbo inú rere tí Jim ti ṣe fún un lórí odò, bí ó ti ń bá a ṣọ́nà ní òru kí òun ọmọdé lè sùn. Ó mú ìwé náà, ó fà á ya, ó sì gbà láti lọ sí ọ̀run àpáàdì. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó: ẹ̀rí-ọkàn tí ìlú fún un ni ó ń dá a lẹ́bi, ọkàn tirẹ̀ gan-an ni ó ń dá a láre, kò sì mọ̀ pé òun ni ó jàre.

Kì í ṣe pé ìwé náà kò ní àbùkù. Ní apá ìkẹyìn, ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Tom Sawyer dé, ó sì fi Jim tí a tì mọ́lé ṣe eré ìdárayá fún ọjọ́ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ìyá olówó Jim ti kú, ó sì ti fún un ní òmìnira. Jim tí ó ti jẹ́ ọkùnrin gidi lójú wa wá di ohun ìṣeré ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni kò fẹ́ràn ibẹ̀, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

ÀRÍYÀNJIYÀN TÍ KÒ TÁN

A tẹ ìwé náà jáde ní Ìlú Ọba ní oṣù December 1884, àti ní Amẹ́ríkà ní February 1885. Kò pé oṣù méjì tí ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé ìlú Concord, ní Massachusetts, fi yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe nítorí orúkọ èébú náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fara hàn ní ìgbà tí ó lé ní 200 nínú ìwé náà. Ẹ̀sùn wọn ni pé Huck jẹ́ ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́, èdè rẹ̀ kò mọ́, yóò sì ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ìwà ọmọ aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń bẹ̀rù fún; kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ọmọ aláwọ̀ dúdú yóò gbọ́ nígbà tí a bá ń kà á.

Ní 1954 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ pé kò tọ́ kí a máa ya ọmọ dúdú àti ọmọ funfun sọ́tọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń jókòó nínú kíláàsì kan náà ni ìbéèrè náà ti gbóná. Ní 1957, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú New York yọ ìwé náà kúrò nínú àwọn tí a fọwọ́ sí fún àwọn kíláàsì kékeré. Ní 2011, òǹtẹ̀wé kan ní Alabama tẹ ẹ̀dà tí a ti mú orúkọ èébú náà kúrò, tí a sì fi "ẹrú" rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan yìn ín, àwọn mìíràn ní irọ́ ni a ń pa fún ọmọdé nípa ayé àtijọ́.

Kí ni a lè wí nípa ẹni tí ó kọ ìwé náà? Samuel Clemens ni orúkọ rẹ̀ gan-an. A bí i ní 1835 ní Missouri, ní ilẹ̀ tí a ti ń ra ẹrú tí a sì ń tà á, ó sì di atukọ̀ ọkọ̀ elééfín lórí Mississippi. Igbe àwọn tí ń wọn odò ni ó fi ṣe orúkọ, tí ó túmọ̀ sí pé omi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ọkọ̀ lè kọjá. Ní 1885, ọdún kan náà tí ìwé rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ rẹ̀, ó kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka òfin ní Yale pé òun fẹ́ ran akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kan, Warner McGuinn, lọ́wọ́ nípa owó. Ó ní aláwọ̀ funfun ni ó ba ayé àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹ́, ó sì yẹ kí ó san án. McGuinn di agbẹjọ́rò ní Baltimore, ó sì ran ọ̀dọ́mọkùnrin Thurgood Marshall lọ́wọ́, ẹni tí ó di adájọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga náà ní 1967.

TA NI Í SỌ ÌWÉ DI ÀGBÀ?

Mo ti rò pé ìwé àgbà máa ń ti ọ̀run wá pẹ̀lú adé lórí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hawthorne, òṣìṣẹ́ oníbodè ni ní èbúté Salem. Ìgbà tí wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1849 ni ó jókòó kọ The Scarlet Letter. Herman Melville kọ Moby-Dick, ìtàn ẹja àbùùbùtán ńlá, ní 1851. Ìwé náà kò tà, ó sì ṣe iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní New York fún ọdún 19 ní dọ́là mẹ́rin lóòjọ́. Nígbà tí ó kú ní 1891, àwọn ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀ tán. Lẹ́yìn 1920 ni a tún jí i dìde. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe fi ojú kéré ẹni tí ó jókòó ti yín ní ibi iṣẹ́! Fitzgerald kú ní 1940, àwọn ẹ̀dà The Great Gatsby sì wà ní ilé ẹrù tí a kò rí ẹni rà wọ́n. Ìgbà tí a pín ìwé náà fún àwọn ọmọ ogun lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀.

Òǹkàwé, olùkọ́ àti ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó ń fi oyè jẹ ìwé; ẹni tí kò sì ní aṣojú ní ààfin, oyè kì í kàn án. Ní 1989, ọ̀mọ̀wé Arthur Applebee ṣe ìwádìí ìwé mẹ́wàá tí a ń kọ́ jù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Huckleberry Finn wà nínú wọn. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, Harper Lee. Aláwọ̀ dúdú kò sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ Frederick Douglass, tí a bí lẹ́rú ní Maryland, ti kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ní 1845, ogójì ọdún kí ìwé Huck tó dé Amẹ́ríkà. Olówó rẹ̀ kò jẹ́ kí a kọ́ ọ ní ìwé. Ó ń fi búrẹ́dì ra ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ funfun tálákà ní ìgboro Baltimore.

ỌMỌ WA KAN NÍNÚ ÌWÉ WỌN

Mo wá dé ibi tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Zora Neale Hurston, obìnrin aláwọ̀ dúdú láti Eatonville ní Florida, kọ Their Eyes Were Watching God ní 1937. Nígbà tí ó kú ní 1960, ibojì rẹ̀ kò ní àmì, a kò sì tẹ ìwé rẹ̀ mọ́. Ní 1973 ni òǹkọ̀wé Alice Walker wá ibojì náà kiri láàrin igbó, tí ó sì fi òkúta sí i. Lónìí, ìwé náà wà lọ́wọ́ ọmọ háísùkúù ní ibi púpọ̀.

Obìnrin yìí kan náà ni ó lọ sí etí ìlú Mobile, ní Alabama, ní 1927, láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá arúgbó kan tí wọn ń pè ní Cudjo Lewis. Orúkọ tí bàbá náà ti ilé mú wá ni Oluale Kossola. Ọmọ Yorùbá ni, láti ìhà Bantè, ní ilẹ̀ tí ó di orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn ọmọ ogun Dahomey kó ìlú rẹ̀, wọ́n tà á ní etíkun Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e dé Alabama ní 1860, lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀ láti 1808. Ó kú ní 1935. Hurston kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Àwọn òǹtẹ̀wé ní kí ó tún èdè náà ṣe, ó kọ̀, ìwé náà sì sùn títí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018 pẹ̀lú orúkọ Barracoon. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: a yin Mark Twain nítorí pé ó kọ èdè bí ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ ọ́, a ti ilẹ̀kùn mọ́ Hurston nítorí ohun kan náà.

ÈSÌ TÍ MO FI RÁNṢẸ́

Mo kọ̀wé padà sí ọmọ náà báyìí: "Ọmọ mi, má ṣe jáde kúrò nínú yàrá náà. Ìwé náà ní ohun tí yóò fún ọ, má sì jẹ́ kí èébú ẹlòmíràn gba ìní rẹ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n lọ bá olùkọ́ rẹ ní ìdákọ́ńkọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sọ fún un bí ó ti rí lára rẹ ní ọjọ́ náà. Bẹ̀ ẹ́ kí a má ṣe pe orúkọ náà sókè mọ́. A lè ka ọ̀rọ̀ lójú ìwé láìfi ẹnu pè é. Kí o sì bẹ̀ ẹ́ kí a ka Douglass tẹ̀ lé e, kí a lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú lẹ́nu ẹni tí ó ṣe ẹrú. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí o ka James, tí Percival Everett kọ ní 2024, tí ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2025; ìtàn kan náà ni, ṣùgbọ́n Jim fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́."

Ó tó oṣù kan kí èsì tó dé. Olùkọ́ náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi òfin de pípe orúkọ náà, ó sì fi orí díẹ̀ láti inú ìwé Douglass kún iṣẹ́ wọn. Ọmọ wa kọ àròkọ rẹ̀ lórí Jim àti ọmọ rẹ̀ adití. Ohun tí ó gbà gbọ́ ni pé gbogbo ìlú náà ni ó di létí, kì í ṣe ọmọ náà. Jim nìkan ni ó sunkún nígbà tí ó mọ̀ pé òun ti lu ẹni tí kò gbọ́. Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí, èmi tí wọ́n ní mo fẹ́ràn ìwé jù nínú ilé wa.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè orúkọ ìwé tí ọmọ yín ń kà, ẹ kà á pẹ̀lú wọn, kí ó tó di pé ẹ ní kí wọn jù ú nù tàbí kí wọn gbà á. Ìwé tí a dá ọmọdé nìkan dá sí lè ṣe é léṣe. Èyí tí àgbà bá a kà, yóò sọ ọ́ di ènìyàn.